Fọ́tò alẹ́ láti òkèèrè láìtan fláàṣì: ohun tí iṣẹ́ ti kọ́ mi

Alẹ́ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ fọ́tò tí mò ń ṣe máa ń bọ́ sí. Àìsùn òkú, ìsìn orin Kérésìmesì, eré orí ìtàgé, òru ọdún ìbílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọn saxophone lábẹ́ iná pupa. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyí, wọn kì í gbà kéèyàn tan fláàṣì, wọn kì í sì í gbà kéèyàn sún mọ́ iwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò, ẹ má tan iná sí wa lójú o, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn." Mo fara mọ́ òfin yìí tọkàntọkàn. Ẹni tó ń sunkún ìyá rẹ̀ níwájú pósí, kò yẹ kí iná máa kọ mànà sí i lójú.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà wá láyè, fláàṣì kékeré orí kámẹ́rà kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára kọjá mítà 4 tàbí 5. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tó tan án, gèlè àti orí àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ló máa funfun báláú. Ẹni tó wà lórí pèpéle á sì wà nínú òkùnkùn rẹ̀ bó ṣe wà.

Tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo nípa iṣẹ́ yìí, màá ní kí ẹ kọ́kọ́ rí i pé àwòrán kò gbọ̀n. Èyí tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé tàn sí i. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n jù ṣeé tún ṣe. Èyí tí èérún, àwọn àmì wínníwínní bí iyanrìn, pọ̀ nínú rẹ̀ ṣeé wò, ó ṣeé tẹ̀, ó ṣeé gbé kọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn tó ti fà, tí ẹyinjú rẹ̀ di méjì-méjì, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe sí i tí yóò fi padà di ojú ẹni náà gan-an. Gbogbo ohun tí mò ń ṣe lálẹ́, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Òkùnkùn àti súùmù jọ ń bá èèyàn jà lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹ wo lẹ́ńsì 70-300mm tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà mm ni gígùn lẹ́ńsì, bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tó jìnnà ṣe ń sún mọ́ tó. Wọ́n tún kọ f/4-5.6 sí i lára: f ni bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó. Ní 70mm, ojú rẹ̀ ṣí dé f/4. Bí ẹ bá fà á dé 300mm, f/5.6 ni òpin rẹ̀, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní 300mm yìí kan náà, bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti di ńlá nínú àwòrán. Ìgbà tí a nílò ìmọ́lẹ̀ jù lọ ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù, ìgbà tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n ni ìgbọ̀n ń hàn jù. Ìdí nìyí tí n kì í fi í fa lẹ́ńsì dé òpin lálẹ́ àfi tí kò bá sí ọ̀nà míì. Mo máa ń dúró ní 200mm tàbí 220mm, torí pé ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì irú èyí kì í mú dáadáa mọ́ tó bá kù díẹ̀ kó dé 300mm. Lẹ́yìn náà ni màá gé etí àwòrán nílé.

Àwọn àgbà iṣẹ́ ní òfin kan: kí shutter, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń padé fún ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, má lọ́ra ju ìdá kan nínú gígùn lẹ́ńsì lọ. 200mm, ó kéré tán 1/200 ìṣẹ́jú àáyá. 300mm, ó kéré tán 1/300. Bí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí nínú rẹ̀, bá jẹ́ kékeré, irú èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ fi 1.5 sọ gígùn lẹ́ńsì di púpọ̀ bó bá jẹ́ Nikon, 1.6 bó bá jẹ́ Canon. 200mm á wá di 1/300 tàbí 1/320. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó mú kámẹ́rà nìkan ló ń ṣọ́. Kò mọ ohunkóhun nípa ẹni tí a ń yà.

Ẹni tó dúró tó ń ka Bíbélì, 1/125 tó o, bí kámẹ́rà bá ní ibi tó fara tì. Oníwàásù tó ń ju ọwọ́ sókè sódò, mi ò jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju 1/250. Oníjó bàtá, 1/500, kódà mo máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ńsì tó ń dá ìgbọ̀n dúró, èyí tí Canon ń pè ní IS tí Nikon ń pè ní VR, kò yí èyí padà. Láti ọdún 1995 tí Canon ti gbé 75-300mm IS jáde ni ìrànlọ́wọ́ yìí ti wà, ó sì wúlò gan-an: èèyàn lè fọwọ́ lásán ya fèrèsé aláràbarà ṣọ́ọ̀ṣì ní 200mm pẹ̀lú 1/50, kó sì mọ́ rekete. Ẹ wá fi 1/50 yẹn kan náà ya akọrin tó ń mi orí. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á mọ́, ojú rẹ̀ á fà.

Ibo wá ni ìmọ́lẹ̀ tí shutter tó yára yìí ń jẹ yóò ti wá? ISO ni, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó rí lágbára sí i. Níbí ni mo ti rí i pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́. Wọ́n á fi ISO sí 400 tàbí 800, wọ́n á ní àwòrán á dọ̀tí bó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé bí ISO bá ti ń lọ sókè ni àwọn èérún tó dà bí iyanrìn ń jáde. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ jẹ́ iná gílóòbù lásán, pẹ̀lú lẹ́ńsì f/2.8 àti 1/200, ISO 3200 ni mo sábà máa ń wà. Bó bá jẹ́ lẹ́ńsì f/5.6 ló wà lọ́wọ́, ìlọ́po 4 ìmọ́lẹ̀ ló ti sọnù, ISO á wá di 12800. Ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ yà á. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lo fíìmù Tri-X ti Kodak, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 400. Bí ó bá fẹ́ yà lálẹ́, á ṣe bí ẹni pé 1600 ni, á wá fi í pẹ́ nínú oògùn nígbà tó bá ń fọ̀ ọ́. Èérún pọ̀ lára àwọn fọ́tò yẹn, wọ́n sì wà ní pálọ̀ àwọn èèyàn títí dòní. Mi ò tíì rí ẹni tó wo fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín tó sọ pé èérún ti pọ̀ jù.

Ohun tó ń ba àwòrán jẹ́ ju ISO ńlá lọ ni kéèyàn yà á nínú òkùnkùn pẹ̀lú ISO kékeré, kó wá fi kọ̀ǹpútà tàn án sókè lẹ́yìn náà. Inú ibi tó dúdú nínú àwòrán ni èérún máa ń pamọ́ sí. Àwa sì rèé, ara wa dúdú, ojú ẹni tí a ń yà lálẹ́ bọ́ sí apá ibi tó dúdú yẹn gan-an. Bí ẹ bá tàn án sókè nílé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ní àmì pupa àti àmì ewé káàkiri. Àwòrán tí a fi ISO 6400 yà tí ojú sì mọ́ dáadáa láti inú kámẹ́rà sábà máa ń dára ju èyí tí a fi 1600 yà tí a wá fà sókè lọ. Èyí ṣe pàtàkì sí mi. Mo ti rí ọ̀pọ̀ fọ́tò ìyàwó tí ẹ̀wù funfun rẹ̀ hàn tó mọ́ tónítóní tí ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì dà bí òjìji. Ojú ni ká kọ́kọ́ wá ìmọ́lẹ̀ fún, kí ẹ̀wù tẹ̀ lé e.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kì í mọ èyí. Bí ẹni kan bá dúró nínú iná kan ṣoṣo lórí ìtàgé tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, kámẹ́rà á rí òkùnkùn tó pọ̀, á fẹ́ tàn án, á wá fi ojú ẹni náà jóná. Bí iná bá wà lẹ́yìn ẹni náà, ìdàkejì rẹ̀ ló máa ṣe. Nítorí náà mo máa ń fi gbogbo rẹ̀ sí M, níbi tí èmi fúnra mi ti ń yan gbogbo nọ́ńbà. Màá lo spot, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú ibi kékeré kan ṣoṣo, láti wo ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú èèyàn, màá ya ọ̀kan, màá sì fà á tóbi lójú kámẹ́rà kí n rí i bí iwájú orí ṣe rí. Tó bá ti dára, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí wọn yóò fi yí iná padà.

Níbi tí mo ti kọ́ èyí jù lọ ni Òṣogbo. Tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní oṣù kẹjọ, alẹ́ kan wà ṣáájú ọjọ́ tí arugbá máa gbé igbá lọ sódò, tí wọ́n máa ń tan iná olójú mẹ́rìndínlógún ní ààfin Àtáọ́ja. Àwọn èèyàn mọ igbó Ọ̀ṣun káàkiri ayé, pàápàá láti ọdún 2005 tí UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé, ṣùgbọ́n ní tèmi, alẹ́ iná yìí ló wù mí jù láti yà. Epo ló ń jó lójú àtùpà yìí, òkè ọ̀pá gíga ló wà. Kábíyèsí á jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú àwọn olorì àti àwọn àwòrò. Ẹni tó bá tan fláàṣì níbẹ̀ ti pa iná náà nínú fọ́tò tirẹ̀, torí pé àwọ̀ wúrà tí epo ń dà sára aṣọ funfun ló jẹ́ kí alẹ́ náà rí bó ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn máa dúró sí ló ga jù níbẹ̀. Iná wà láàárín, àwọn tó ń jó ń yí i ká, apá ibi tó kọjú sí iná nìkan ló ń mọ́ lára wọn. Àwọn tó bá wà ní ìhà ọ̀dọ̀ yín, iná wà lẹ́yìn wọn ní ti bí ẹ ṣe ń wò ó, dúdú ni ẹ máa rí. Àwọn tó wà lódìkejì iná ni ẹ máa fa súùmù lọ bá, torí pé ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí wọn lójú lọ́ọ̀ọ́kán yín. Mo máa ń wá ibì kan ní òdìkejì yẹn, màá fi ojú kámẹ́rà síbẹ̀, màá sì dúró de ẹni tó máa jó débẹ̀. ISO 6400, f/2.8, 1/100 tàbí 1/125. Ahọ́n iná fúnra rẹ̀ á funfun jù, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbìyànjú láti gba iná náà là, ojú gbogbo èèyàn tó yí i ká ló máa pàdánù.

1/100 yìí lọ́ra fún oníjó, mo sì ti sọ pé 1/500 ni mo fẹ́. Àsìkò ló ń gbà mí níbẹ̀. Gbogbo ìrìn ara ló ní ibi tó ti ń dúró díẹ̀. Ẹni tó fò sókè, kó tó padà wálẹ̀, ó dúró. Ẹni tó ń fọn fèrè tó di ohùn kan mú, ojú rẹ̀ kò mì. Oníwàásù tó béèrè ìbéèrè, á dákẹ́ kí ìjọ tó dáhùn. Ní ti ijó wa, ìlù ló máa ń sọ fún èèyàn. Bí ìyá ìlù bá ti ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, oníjó á bá a parí rẹ̀, á tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á na apá, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ ti mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà olówó ńlá lọ, mo sì máa ń ní kí àwọn ọmọṣẹ́ mi gbé kámẹ́rà sílẹ̀ ná, kí wọ́n gbọ́ ìlù fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Bọ́tìnnì náà, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì kí ó mú ojú (focus), kí ẹ mí síta díẹ̀, kí ẹ wá tẹ ìyókù. Mo máa ń yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra lẹ́ẹ̀kan, torí pé ìka tó ń tẹ bọ́tìnnì ló ń mi àkọ́kọ́, tó sì ń mi ìkẹyìn nígbà tó bá ń kúrò. Ti àárín ló sábà máa ń mọ́ jù.

Ní ti bí a ṣe ń di kámẹ́rà mú: ọwọ́ òsì lábẹ́ lẹ́ńsì, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà, ẹsẹ̀ kan ṣíwájú. Tí òpó bá wà, ẹ fèjìká tì í. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dára, àmọ́ nínú èrò tó ń ti ara wọn, ẹsẹ̀ èèyàn ló máa ń gbé e ṣubú, igi ẹlẹ́sẹ̀ kan ló rọrùn jù. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa IS tàbí VR, pàápàá lórí lẹ́ńsì àtijọ́, torí pé ó lè máa wá ìgbọ̀n tí kò sí kó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù kò náni lówó. Ẹ wá bóòtù 1/4 íńṣì tó wọ ihò ìsàlẹ̀ kámẹ́rà. Ọjà Àràròmí ní Agodi Gate ni mo ti ra tèmi n'Íbàdàn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé íńṣì lẹ fẹ́, torí pé nọ́ńbà 6 tí àwọn mẹkáníìkì ń lò jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ yàtọ̀, ó sì lè ba ihò náà jẹ́ bí ẹ bá fipá mú un wọlé. Ẹ so okùn tó le mọ́ bóòtù náà, kí gígùn rẹ̀ ti ojú yín dé ilẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ ìdí okùn, kí ẹ wá fa kámẹ́rà sókè títí okùn yóò fi le gbagidi. Ìgbọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀ á dín kù gan-an. Ó wọ àpò, kò sì sí áṣà (usher), ẹni tó ń darí èrò, tó máa bá yín jà nítorí okùn.

Mímú ojú (focus) nínú òkùnkùn ní wàhálà tirẹ̀. Kámẹ́rà á máa lọ sẹ́yìn á máa bọ̀ níwájú, kò ní rí ohun tó fẹ́ mú, torí pé ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé ló ń wá. Àmì focus tó wà láàárín gan-gan ni mo máa ń lò nínú kámẹ́rà tó ti pẹ́ díẹ̀, òun ló sábà máa ń lágbára jù. Màá gbé e sí etí gèlè tó ń dán, sí yẹtí, tàbí sí ọrùn funfun àlùfáà, tó bá ti wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ẹyinjú. Ní 200mm pẹ̀lú f/2.8, tí èèyàn bá wà ní mítà 10, ibi tó máa mọ́ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e sí máíkì tó wà níwájú ẹnu kí ẹ sì rò pé ojú náà á mọ́ tó. Ẹ pa iná kékeré tí kámẹ́rà fi ń wá focus pẹ̀lú, torí pé ó ń dààmú èèyàn bíi fláàṣì.

Iná mànàmáná ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Iná wa jẹ́ 50Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà iná ọ̀pá àti LED pọ́ọ́kú máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i. Kámẹ́rà tó bá wà ní 1/500 rí i: fọ́tò kan á mọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣókùnkùn, òmíràn á ní ìlà gbọọrọ dúdú kọjá láàárín. Ní 1/100 tàbí 1/50, ó máa ń lọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré gbà á, 50 náà kì í dúró síbì kan mọ́, ìlà náà lè padà wá kódà ní 1/100. Nígbà yẹn, mo máa ń ya púpọ̀ kí n lè mú èyí tó mọ́ nínú wọn.

Níbi eré orin, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Freedom Park l'Ékòó, lórí ilẹ̀ tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀, iná pupa àti iná búlúù ló ń yọ mí lẹ́nu. Lábẹ́ iná pupa, ojú á di àlẹ̀mọ́ pupa kan tí kò ní imú. Ẹ ṣọ́ bí iná ṣe ń yí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo orin ló ní ibi tí iná funfun tàbí iná yẹ́lò máa ń bọ́ sí ojú olórin, ibẹ̀ ni kí ẹ mú. Bí kò bá sí, ẹ yà á ní RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣe ohunkóhun sí, kí ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun nílé. RAW ni mo máa ń fi ya gbogbo iṣẹ́ alẹ́, torí àwọ̀ àti torí èérún. Nígbà tí mo bá ń pa èérún, mo máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀, kí ara èèyàn má baà dà bí ike.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè nípa fóònù lọ́wọ́ mi. Fóònù tí wọ́n ní ó ń súùmù ní lẹ́ńsì kékeré fún jíjìnnà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa á tì láìsọ fún yín, wọ́n á lo lẹ́ńsì ńlá, wọ́n á wá gé àárín rẹ̀ fẹ̀. Ẹ dán an wò: ẹ fa súùmù nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ fi ìka bo lẹ́ńsì jíjìnnà yẹn. Bí àwòrán bá ṣì ń hàn, a jẹ́ pé lẹ́ńsì ńlá ló ń ṣiṣẹ́. Night mode, ètò alẹ́ inú fóònù, dára fún ilé àti fún òpópónà, torí pé ó ń ya púpọ̀ pa pọ̀. Èèyàn tó bá ń rìn nínú rẹ̀ á fà. Ẹ rìn sún mọ́ ọn bí wọ́n bá gbà, kí ẹ lo 1x, ìyẹn láìfa súùmù rárá.

Òṣùpá nìkan ni ohun alẹ́ tí kò ṣòro tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Oòrùn ló ń tàn sí i, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bó bá kún, ISO 100, f/11, 1/100 ti tó, kí ẹ lò ó pẹ̀lú súùmù tó gùn jù tí ẹ ní.

Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan, tí owó kò sì tó 70-200mm f/2.8, tó wọ́n gan-an, kí ó má ṣe lọ ra 300mm míì tó jẹ́ f/5.6. 85mm f/1.8 ni kó rà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 ti f/5.6, kò wúwo, kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbọ̀n fi máa dààmú yín. Kó tètè dé kó tó di pé ìsìn bẹ̀rẹ̀, kó bá áṣà sọ̀rọ̀ fún ìjókòó létí ọ̀nà ní ìlà kejì tàbí ìkẹta. Lórí kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ kékeré, tí ẹ bá gbé e sóòró láti mítà 5, á gba olórin láti orí dé orúnkún.